Ọwọ́ Tí Wọ́n Yọ Kúrò Nínú Fíìmù

Ní ọjọ́ tí a sin bàbá bàbá mi, ènìyàn mẹ́ta ló dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì láti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní oníwà pẹ̀lẹ́ ni, pé kì í bá ẹnikẹ́ni jà, pé ẹ̀rín ló máa ń wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà gbogbo. Ìyá Àgbà, tó jókòó tì mí nínú aṣọ dúdú, fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó rọra bi mí pé, "Ìbídùn, ṣé òkú tiwa náà nìyí, àbí ti ẹlòmíràn ni wọ́n gbé wá?"

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà bú jáde. Pa Sámúẹ́lì Ìṣọ̀lá tí mo mọ̀, atẹdùùrù, ọmọ Abẹ́òkúta tó ṣe akọ̀wé ní èbúté Port Harcourt títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò ṣe pẹ̀lẹ́ rí. Ó bá ènìyàn jà, ó bá ẹ̀rọ jà. Ó bá fáànù pàápàá jà.

Fáànù yẹn wà lábẹ́ àjà ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Rumuokwurushi, gẹ́lẹ́ lókè ibi tí dùùrù wà. Bó bá ti ń yí, á máa ké bí ọmọ ológbò. Bàbá Àgbà kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sọ pé fáànù ń pariwo o. Ohun tó kọ ni pé ohùn fáànù náà kò bá ti dùùrù mu, nítorí náà, kí wọ́n yọ ọ́, tàbí kí wọ́n wá ẹni tí yóò tún un ṣe títí yóò fi máa ké bó ṣe yẹ. Alága ìgbìmọ̀ ṣàlàyé fún un pé ooru ń mú àwọn ará ìjọ. Bàbá Àgbà wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀. Ó ní, "Àwọn tí wọ́n jù sínú iná ìléru pàápàá kọrin, wọn ò sì béèrè fáànù."

Ìyá Àgbà ní bó ṣe wà látìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ tí wọ́n ṣègbéyàwó, òun àti ọkọ òun dúró níwájú pẹpẹ, ìjọ ń kọrin, òun náà ń kọ ọ́ tayọ̀tayọ̀. Ọkọ òun wá tẹ̀ sí òun létí. Òun rò pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ló fẹ́ sọ. Ohun tó sọ ni pé, "Rọra. O ti ń ṣáájú dùùrù."

Ìyá mi, ọmọ Ikwerre ni. Nílé wa, pídíjìn là ń sọ, Yorùbá sì ni èdè tí a máa ń gbọ́ bí Bàbá Àgbà bá ń bínú. Ìyẹn ni pé a ń gbọ́ ọ dáadáa. Ó pinnu pé òun yóò kọ́ èmi àti àwọn àbúrò mi, dùùrù kékeré tó wà ní pálọ̀ rẹ̀ ló sì fi ń kọ́ wa. Bí mo bá pe ọ̀rọ̀ kan, tí ohùn mi sì lọ sílẹ̀ níbi tó yẹ kó gòkè, á tẹ ohùn tó tọ́ lórí dùùrù, á sì dúró, kò ní sọ̀rọ̀, títí màá fi pè é bó ṣe yẹ. Nígbà mìíràn ọbẹ̀ á tutù, oúnjẹ á tutù, à ń wá ohùn ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Màmá mi á ní, "Papa, abeg, make the children chop." Á dáhùn pé, "Wọ́n á jẹun. Kí wọ́n kọ́kọ́ mọ orúkọ ohun tí wọ́n fẹ́ jẹ."

Ẹ̀kọ́ yìí ló kó mi sí wàhálà ní ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá. Ọmọ ọdún méje ni mí. Ẹgbẹ́ akọrin wa ní orin kan tí wọ́n fẹ́ràn ju gbogbo orin lọ. Ọ̀gá Jòsáyà Adéṣígbìn ló kọ ọ́, olùkọ́ orin kan ní Abẹ́òkúta láyé àwọn òyìnbó. Bàbá Àgbà gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà èwe, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló sì ti kọ́ dùùrù. Ọ̀rọ̀ inú orin náà ni, "Olúwa, mú ẹkún wa lọ." Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé ibi "ẹkún," dípò kí ohùn gòkè, ṣe ló máa ń já wálẹ̀ lójijì bí ẹni tó já sí kòtò. Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ènìyàn fẹ́ràn. Ibẹ̀ ni àwọn ìyá ti máa ń nu ojú.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, bí wọ́n ti parí rẹ̀, mo dìde lórí bẹ́ǹṣì, mo sì béèrè sókè pé, "Ẹkùn wo ni kí Olúwa mú lọ? Níbo ló wà?" Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di àga mú. Bàbá Àgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó pa ìdérí dùùrù dé, ó sì ń lọ sílé kí wọ́n tó ṣe oore-ọ̀fẹ́. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. Ó ní, "Ọmọ yìí nìkan ló létí nínú yín."

Mo rò nígbà náà pé ó ń gbè mí lẹ́yìn ni. Ó gbà mí ní ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó mọ̀ pé ara rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀.

Bàbá Àgbà kò fẹ́ràn fíìmù. Bí a bá ń wò ó ní pálọ̀, á dúró lẹ́yìn àga wa, kó lè sọ lẹ́yìn náà pé òun kò wò ó. Láti ibẹ̀ ni yóò ti máa tú àṣírí àwọn òṣèré. Òkú yẹn ń mí. Ọkùnrin yẹn ń sunkún, kò sí omi lójú rẹ̀. Ìgbà tí mo wá parí yunifásítì, tí mo sọ fún un pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe fíìmù ni mo ti rí iṣẹ́, ó ní, "Ó dáa. Irọ́ náà nílò ẹni tó kàwé."

Olùdarí fíìmù tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ni Ibinabo, ọmọbìnrin kan láti ìlú Amadi-Ama. Kò gbọ́ Yorùbá rárá, ṣùgbọ́n ó ti pinnu pé òun fẹ́ ṣe fíìmù ńlá nípa ayé Ọ̀gá Adéṣígbìn àti orin rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ àtijọ́, àtùpà àtijọ́ àti kẹ̀kẹ́ àtijọ́. Mo bi í pé kí ló kàn án. Ó ní ìyá ìyá òun ló máa ń kọ orin yẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn létí omi, kò mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ohùn bá ti já wálẹ̀ níbẹ̀ yẹn, omi á bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "That place wey the voice fall, na there my grandma dey see her pikin wey die." Nítorí ohùn kan yẹn ni Ibinabo ṣe fẹ́ ṣe fíìmù.

Òṣèré tó máa ṣe Ọ̀gá kò mọ dùùrù tẹ̀. Wọ́n ń wá àgbàlagbà tó mọ̀ ọ́n tẹ̀, tí wọ́n lè fi kámẹ́rà ya ọwọ́ rẹ̀ nìkan. Èmi ni mo ní mo mọ ẹnì kan. Èmi náà ni mo mú Ibinabo wá sí pálọ̀ Bàbá Àgbà, tí mo kúnlẹ̀, tí mo sì ń bẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìdá sí i. Lẹ́yìn náà, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ń wò wọ́n bíi pé ọjà ni wọ́n fẹ́ rà. Ó ní, "Kìkì ọwọ́? Ìyẹn dáa. Ojú mi kò ní sí nínú rẹ̀."

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta tó kọ́kọ́ lò níbi iṣẹ́ náà, kò sí ẹni tí kò bá jà. Inú ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan la ti ń yà á. Wọ́n wọ kóòtù dúdú fún un, wọ́n di bọ́tìnì ọwọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó máa tẹ dùùrù. Ó tẹ̀ ẹ́. Bó bá sì ti tẹ̀ ẹ́ tán, á ka ìwé ìtàn fíìmù náà, á máa fi bírò fa igi lé e. Nínú ìwé náà, Ọ̀gá jẹ́ onínúure tó ń fọwọ́ pa àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ lórí. Bàbá Àgbà fi ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ tó wọ́ hàn wá, ó ní rúlà Ọ̀gá ló ṣe é. Nínú ìwé náà, Ọ̀gá kú sórí dùùrù nígbà tí òjò ń rọ̀. Bàbá Àgbà ní orí bẹ́ẹ̀dì ló kú sí, ó ń bínú pé ọbẹ̀ kò níyọ̀.

Ibinabo bẹ̀ ẹ́ pé, "Daddy, na film now."

Ó ní, "I know say na film. Na the dead man no know."

Ọjọ́ kẹrin ni wàhálà gidi bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n fẹ́ ya ibi tí fíìmù náà ti dé góńgó. Ọ̀gá jókòó nídìí dùùrù. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ó ń wá ohùn tí yóò fi parí orin rẹ̀, kò rí i. Ó wá pa ojú dé, ọwọ́ rẹ̀ já sórí ohùn ìsàlẹ̀ yẹn, ó bú sẹ́kún. Ọwọ́ yẹn, ọwọ́ Bàbá Àgbà ni.

Wọ́n tan iná. Bàbá Àgbà tẹ orin náà dé ibi "ẹkún," ọwọ́ rẹ̀ sì gòkè.

Ibinabo ní kí wọ́n tún un ṣe, pé bóyá Daddy gbàgbé. Wọ́n tún un ṣe. Ọwọ́ tún gòkè. Wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀keje. Nígbà keje ni Bàbá Àgbà gbé ọwọ́ kúrò lórí dùùrù, tó sọ fún gbogbo wa pé ohùn tó ń já wálẹ̀ yẹn kì í ṣe ti Ọ̀gá. Àṣìṣe ni. Òun ni òun ṣe é.

Ó ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni tó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Ọ̀gá ń ṣàìsàn, ó ní kó da orin náà kọ sínú ìwé tó mọ́, èyí tí wọ́n máa gbé lọ fún àwọn tó ń tẹ̀wé. Lẹ́tà dò-rè-mí ni wọ́n fi ń kọ orin nígbà yẹn. Lẹ́tà "s" dúró fún sò. Bí àmì kékeré kan bá wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, akọrin mọ̀ pé sò ti ìsàlẹ̀ pátápátá ni. Bó ṣe ń kọ ọ́, tàdáwà kán sí ẹsẹ̀ lẹ́tà "s" tó wà lórí "ẹkún." Ó rí i. Ìwé mìíràn kò sí nílé, rúlà sì wà lórí tábìlì. Ó fi ìwé náà lé àwọn tó wá gbà á lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, Ọ̀gá kú. Láti ọjọ́ yẹn ni gbogbo ayé ti ń bẹ Olúwa pé kó mú ẹkùn wọn lọ.

Mo rántí bẹ́ǹṣì tí mo dúró lé lórí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje.

Olùkọ́ yunifásítì kan wà lọ́dọ̀ wa, tó ń gba Ibinabo nímọ̀ràn lórí ìtàn Ọ̀gá. Dókítà la máa ń pè é. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní òun ti kọ̀wé lórí ohùn yẹn, pé Ọ̀gá mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é ni, pé ẹkùn yẹn, ìjọba àwọn òyìnbó ló fi ń pòwe mọ́. Ó ní ẹ̀rí wà. Ó fa bébà kan yọ nínú àpò rẹ̀, àwòrán ìwé tí wọ́n gbé lọ fún àwọn tó tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́sí, tó ní Ọ̀gá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ.

Bàbá Àgbà wò ó. Ó béèrè bírò. Ó yí ìwé ìtàn fíìmù sẹ́yìn, ó sì da ìlà àkọ́kọ́ orin náà kọ sí i, ó gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ọwọ́ rẹ̀ ti darúgbó, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan náà ni. "A" tó dà bí ẹyin náà, "k" tó na ẹsẹ̀ síwájú náà. Gbogbo wa rí i.

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò fún ìgbà pípẹ́. Ó wá ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ gidi. Ẹ ti kọ́ ọwọ́ ọ̀gá yín mọ́ra."

Bàbá Àgbà kò bínú. Ó yà mí lẹ́nu gan-an. Ó yíjú sí Ibinabo nìkan. Ibinabo ti ń sunkún. Ó ní, "Daddy, if you remove am, wetin remain for my grandma?"

Ìgbà náà ni èmi ṣe ohun tí mi ò fẹ́ rántí. Mo lọ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga dùùrù. Gbogbo ènìyàn ń dúró, iná ń jó, èmi sì ni mo mú un wá. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ sáà tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ. Lẹ́ẹ̀kan péré. Ta ló máa mọ̀?"

Ó wò mí. Ó tú bọ́tìnì ọwọ́ kóòtù náà, ó bọ́ ọ, ó ká a dáadáa bí aṣọ tí wọ́n yá a, ó gbé e lé orí dùùrù. Ó ní, "Ìbídùn, wá sìn mí dé ojú títì."

Wọ́n wá ẹlòmíràn. Ọkùnrin tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ni, ẹni tí Bàbá Àgbà ti ń bá jà láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn nítorí pé ó ń yára jù. Wọ́n fi páúdà eérú pa ọwọ́ rẹ̀ kó lè dà bíi ti arúgbó. Gbogbo ibi tí wọ́n ti ya ọwọ́ Bàbá Àgbà, wọ́n yọ ọ́, kí ọwọ́ má baà jẹ́ oríṣi méjì.

Ó lọ wo fíìmù náà lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn. Èmi rò pé kò ní lọ. Ó wọ kóòtù tirẹ̀, ó jókòó ní ìlà kẹta, Ìyá Àgbà lápá ọ̀tún. Nígbà tí ohùn náà já wálẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn mí kanlẹ̀. Obìnrin kan tó jókòó sí apá òsì rẹ̀ ń fi ẹ̀gbẹ́ ìró nu ojú, ó ń wí pé, "Chai. This man na genius."

Bàbá Àgbà mi orí. Ó ní, "E try."

Lẹ́yìn ìyẹn, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó fi parí ayé rẹ̀. Ó da orin náà kọ bó ṣe tọ́, ó sì ń gbé e kiri láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ akọrin kan sí òmíràn, àárọ̀ Sátidé kan lẹ́yìn òmíràn, nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Àwọn ọ̀gá akọrin gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n fún un ní mínírà, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì ń kọ ọ́ lọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ìyá Àgbà ní kó jókòó, pé fíìmù ti borí rẹ̀. Ó ní, "Mo mọ̀. Ìyẹn kò ní kí n má jà."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ní Aluu nìkan ló gbà. Wọ́n pọ̀ tó bí ogún, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbọ́ Yorùbá, nítorí náà kò sí ẹkùn kankan tí wọ́n fẹ́ràn. Wọ́n fi oṣù kan kọ́ ọ. Mo tẹ̀lé Bàbá Àgbà lọ gbọ́ ọ. Wọ́n dé ibi "ẹkún," ohùn gòkè díẹ̀, ó sì kọjá lọ. Òun náà nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò nu ojú. Mo bojú wo Bàbá Àgbà. Ó fi ìka lu eékún rẹ̀ títí wọ́n fi parí. Nígbà tí a wọ ọkọ̀, ó ní, "Ó tọ̀nà. Àmọ́ kí a má purọ́, ó ti dùn jù báyìí lọ rí."

Ó kú ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, nínú àìsàn ránpẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán kan kó tó dùbúlẹ̀ àìsàn, èmi àti òun jókòó ní fàráńdà rẹ̀, à ń jẹ bọ̀ọ̀lì àti ẹja sísun. Mo bi í ní ohun tí ó ti ń jẹ mí lọ́kàn. Kí ló dé tó fi dákẹ́ fún ọgọ́ta ọdún ó lé?

Ó ní, "Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀rù ló bà mí. Lẹ́yìn tí Ọ̀gá kú, ojú ló ń tì mí."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

Ó fi ìka ṣa egungun kan kúrò nínú ẹja. "Lẹ́yìn ìyẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mọ́ mi."

Ó ní òun ti kọ orin kún àpótí kan, òun fúnra òun, kò sì sí ẹgbẹ́ akọrin tó kọ ọ̀kankan nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ohùn kan ṣoṣo yẹn, láti Èkó dé Kàlàbá, wọ́n ń kọ ọ́, wọ́n ń sunkún. Òun á jókòó nídìí dùùrù lọ́jọ́ Ìsinmi, òun á máa wo ojú wọn, òun á sì wí nínú ọkàn òun pé, tèmi nìyẹn. Ọjọ́ tí mo béèrè ẹkùn, ó ní òun kò lè sùn.

Mo gbé ẹja ọwọ́ mi kalẹ̀. Mo ní, "Bàbá, èmi náà ni mo bẹ̀ yín lọ́jọ́ yẹn pé kí ẹ purọ́. Ẹ má bínú."

"Bínú kẹ̀?" Ó gé bọ̀ọ̀lì sí méjì, ó fún mi ní èyí tó tóbi. "Ká ní ìwọ kò sí níbẹ̀, ǹ bá tẹ̀ ẹ́ fún wọn. Ìwọ tó béèrè ẹkùn lo kúnlẹ̀ tì mí, tí ò ń wo ọwọ́ mi."